Eyín Kan Dípò Méjì: Àkọsílẹ̀ Ìtọ́jú Ìyá Olóbì Kan ní Ṣàgámù

Ìyá tí mo ń kọ nípa ìtọ́jú rẹ̀ yìí jẹ́ ẹni ọdún 61. Obì gbànja ni ó ń tà ní Ṣàgámù, láti kékeré ni ó sì ti wà nídìí òwò náà, nítorí ìyá tí ó bí i ni ó fà á lé e lọ́wọ́. Ó fún mi láyè láti kọ ọ́ sílẹ̀ kí àwọn ẹlòmíràn lè kà á, ṣùgbọ́n ó ní kí n má dárúkọ òun, n kò sì ní dárúkọ rẹ̀. Nígbà tí ó wọlé sí ilé ìtọ́jú eyín tí mo ti ń ṣiṣẹ́ ní Ìjẹ̀bú-Òde, gbólóhùn kan péré ni ó fi ṣàlàyé ohun tí ó gbé e wá: "Dókítà, ẹ̀gbẹ́ òsì ẹnu mi kò lè fọ́ obì mọ́." Ẹni tí kò bá mọ òwò obì lè rò pé ọ̀rọ̀ adùn ẹnu lásán ni. Fún Ìyá, iṣẹ́ ni. Bí wọ́n bá gbé apẹ̀rẹ̀ obì dé láti oko, ó ní láti la ọ̀kan, kí ó gé e jẹ, kí ó sì fi ẹnu mọ bóyá ó gbó dáadáa kí ó tó dá owó lé e.

Mo yẹ ẹnu rẹ̀ wò. Méjì nínú àwọn eyín tí a fi ń lọ oúnjẹ ni kò sí mọ́ ní ìsàlẹ̀ lápá òsì. Wọ́n ti yọ àkọ́kọ́ ní nǹkan bí ọdún 11 sẹ́yìn, wọ́n sì yọ èkejì ní ọdún 4 sẹ́yìn. Obì ti pa àwọn eyín yòókù láró, ṣùgbọ́n ẹran ìdí wọn le dáadáa, kò wú, kò sì ṣẹ̀jẹ̀ nígbà tí mo fi irinṣẹ́ kàn án. Pákò Ìjẹ̀bú ni ó fi ń fọ ẹnu láràárọ̀, ìyẹn igi kékeré inú igbó tí àwọn onímọ̀ ewéko ń pè ní Massularia acuminata, tí àwọn olùwádìí ní Nàìjíríà ti yẹ̀ wò, tí wọ́n sì rí i pé omi rẹ̀ ń dín agbára àwọn kòkòrò àìfojúrí inú ẹnu kù. Kò ní àtọ̀gbẹ. Ó ní ẹ̀jẹ̀ ríru díẹ̀, ó sì ń lo oògùn rẹ̀ déédéé. Kò mu sìgá rí.

Nígbà tí mo bi í léèrè ohun tí wọ́n ti fi dí àlàfo náà rí, ó tú ìdí aṣọ ìnujú kan, ó sì yọ eyín àfisí oníke méjì jáde. Èkíní ti kán sí méjì. Èkejì ṣì dá ṣáká, nítorí pé kò lò ó ju oṣù díẹ̀ lọ: ó ní ó ń mì tìtì, gàárì sì ń kó sábẹ́ rẹ̀. Ibi tí ọ̀rọ̀ yìí ti bẹ̀rẹ̀ sí í gbé mi lọ́kàn nìyẹn. Láti ara epo rọ̀bì ni irú ike bẹ́ẹ̀ ti wá. Wọ́n ti ṣe é lẹ́ẹ̀mejì fún ẹnì kan ṣoṣo, kò sì sí èyí tí ó wúlò. Èmi kò mọ ohun tí ó ń fi ilẹ̀ ṣòfò ju ohun tí a ṣe tán tí ẹni tí a ṣe é fún kò lè lò.

Ọmọ rẹ̀ ọkùnrin tẹ̀ lé e wá. Ẹ̀kọ́ nípa àyíká ni ó ń kọ́ ní yunifásítì, ó sì ti kà nípa eyín àgbìn, ìyẹn gbòǹgbò àtọwọ́dá kékeré tí a ń gbìn sínú eegun àgbọ̀n láti gbé eyín tuntun dúró, tí gbogbo àwa tí a wà nídìí iṣẹ́ yìí ń pè ní ìmpláǹtì. Irin titanium tàbí zirconia funfun ni wọ́n sábà fi ń ṣe é. Ó ní, "Ẹ jọ̀ọ́ mà, zirconia ni kí ẹ lò fún ìyá mi, ẹ má lo titanium. Zirconia kì í ṣe irin, mo sì gbọ́ pé òun ni kò ba ayé jẹ́." Kí n tó dáhùn, Ìyá dá sí i. Nígbà èwe rẹ̀, ó máa ń bá ọkọ̀ ẹrù gbé obì lọ sí ìlú Jos, ó sì ti rí àwọn adágún tí ó wà lọ́nà Bukuru, níbi tí àwọn òyìnbó ti wa tánńganran ní ayé ìjọba amúnisìn, tí wọ́n lọ tí wọn kò di ihò wọn. Ó bi mí pé, "Ṣé irú ihò bẹ́ẹ̀ ni eyín tí ẹ fẹ́ gbìn sí mi lẹ́nu ti máa jáde?"

Ìbéèrè náà bọ́ sí i gan-an, mo sì sọ fún un bẹ́ẹ̀. Nínú iyanrìn tí wọ́n ti fọ tánńganran ní Jos, iyanrìn dúdú tí ó ní titanium nínú wà níbẹ̀, zircon tí wọ́n fi ń ṣe zirconia náà sì wà níbẹ̀. Kì í ṣe Jos ni ilé iṣẹ́ tí ó ṣe ìmpláǹtì tí mo ń lò ti ń ra ohun èlò rẹ̀, ṣùgbọ́n irú ilẹ̀ bẹ́ẹ̀ ni, irú ihò bẹ́ẹ̀ sì ni. Iṣẹ́ eyín ti kọ́ irú ẹ̀kọ́ yìí rí lára àwọn eyín tí a fi mẹ́kúrì dí. Nǹkan bí ìdajì ohun tí wọ́n fi ń dí eyín láyé àtijọ́ ni mẹ́kúrì, lẹ́yìn ohun tí mẹ́kúrì ilé iṣẹ́ ńlá kan sì fi ojú àwọn apẹja Minamata rí ní ilẹ̀ Japan, ọ̀pọ̀ orílẹ̀-èdè fẹnu kò lórí àdéhùn kan ní ọdún 2013, ó bẹ̀rẹ̀ sí í múlẹ̀ ní ọdún 2017, ó sì ní kí a máa dín irú ìdíyín bẹ́ẹ̀ kù. Nítorí náà, n kò ka ìbéèrè Ìyá àti ọmọ rẹ̀ sí àṣejù.

A jókòó, a sì gbé àwọn ohun èlò náà yẹ̀ wò lọ́kọ̀ọ̀kan.

Titanium kò ṣọ̀wọ́n nínú ilẹ̀. Ohun tí ó le níbẹ̀ ni bí a ṣe ń yọ ọ́ kúrò lára afẹ́fẹ́ ọ́síjìn tí ó dì mọ́ ọn. Wọn yóò fi èédú àti kílórínì sun iyanrìn náà ní nǹkan bí 1,000°C títí yóò fi di ohun tí ń ru bí èéfín. Wọn yóò wá gbé èyí sínú ìkòkò irin tí afẹ́fẹ́ kò lè wọ̀, kí mágnísíọ́mù tí ó ti yọ́ lè gba kílórínì náà lára rẹ̀. Wilhelm Kroll, ọmọ ilẹ̀ Luxembourg, ni ó gba ìwé àṣẹ lórí ọ̀nà yìí ní ọdún 1940, òun náà ni wọ́n sì ṣì ń lò jù lọ títí di òní. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò tún yọ́ ọ, kì í sì í yọ́ títí iná yóò fi kan 1,668°C. Iná tí gbogbo èyí ń jẹ pọ̀ gidigidi, ó ju ti irin lásán lọ fíìfíì. Ṣùgbọ́n ìmpláǹtì kan kò wúwo tó gíráàmù kan, àwọn fúlẹ́fúlẹ́ tí ó bá sì bọ́ sílẹ̀ nígbà tí wọ́n ń gbẹ́ ẹ, wọ́n lè kó o jọ kí wọ́n tún un yọ́. Lékè gbogbo rẹ̀, ó ti pẹ́ lẹ́nu ènìyàn. Per-Ingvar Brånemark, oníṣègùn ilẹ̀ Sweden tí ó kọ́kọ́ kíyè sí i pé eegun máa ń dì mọ́ titanium, gbìn ín fún Gösta Larsson ní ọdún 1965. Nígbà tí Larsson kú ní ọdún 2006, ó ṣì ń fi í jẹun. Ohun tí a ná iná lé lórí lẹ́ẹ̀kan, tí ó sì sìn ènìyàn ju 40 ọdún lọ, ìṣirò rẹ̀ kò lè dọ́gba pẹ̀lú ti ike tí kò pé oṣù mẹ́fà lẹ́nu.

Ní ti zirconia, mo ní láti tún ọ̀rọ̀ ọmọ náà ṣe. Irin ni zirconium gẹ́gẹ́ bí titanium ṣe jẹ́ irin. Irin náà pẹ̀lú ọ́síjìn tí ó dì mọ́ ọn ni à ń pè ní zirconia. Titanium pàápàá, gẹ́rẹ́ tí afẹ́fẹ́ bá ti kàn án, yóò bo ara rẹ̀ ní awọ fẹ́lẹ́ tí ọ́síjìn wà nínú rẹ̀, awọ yìí sì ni eegun ń bá pàdé. Nítorí náà, "irin" àti "aláìjẹ́-irin" kò ya àwọn méjèèjì sọ́tọ̀ tó bí ìpolówó ọjà ṣe ń sọ. Láti ara iyanrìn zircon ni zirconia ti ń wá, Ọsirélíà àti Gúúsù Áfíríkà sì ni ó ń wà á jù. Ó máa ń ní yúréníọ́mù àti thorium díẹ̀ nínú, wọ́n sì gbọ́dọ̀ kó àwọn wọ̀nyí dànù sí ibi tí kò ní pa ẹnikẹ́ni lára. Wọ́n tún ń po yttria, ìyẹn yttrium pẹ̀lú ọ́síjìn, mọ́ ọn kí ó má baà sán, yttrium náà sì wà lára àwọn èròjà ilẹ̀ tí a kò lè yà sọ́tọ̀ láìlo ásíìdì púpọ̀. Lẹ́yìn tí wọ́n bá gbẹ́ ẹ tán, wọn yóò sun ún ní nǹkan bí 1,500°C, yóò sì sún kì tó bí ìdá kan nínú márùn-ún. Ẹran ìdí eyín fẹ́ràn rẹ̀, ó sì funfun dáadáa; èyí ṣe pàtàkì fún ẹni tí eyín iwájú rẹ̀ bọ́. Ṣùgbọ́n bí ó bá kán sínú eegun, a ó gbẹ́ eegun ni kí a tó lè yọ ọ́, àkọsílẹ̀ ọdún tí ó ti lò lẹ́nu ènìyàn kò sì tíì gùn tó ti titanium. Ẹ̀yìn ẹnu ẹni tí ń fọ́ obì kọ́ ni mo ti fẹ́ dán an wò.

Ike líle tí wọ́n ń pè ní PEEK náà wà níbẹ̀. Epo rọ̀bì ni orísun rẹ̀, eegun kì í sì fẹ́ dì mọ́ ọn àfi bí a bá fi nǹkan mìíràn bò ó. A kò pẹ́ lórí rẹ̀.

Ọmọ náà tún béèrè nípa ìkarahun ìgbín àti ti ẹyin, tí àwọn olùwádìí, títí kan àwọn ti Nàìjíríà, ti ń sọ di èròjà tí ó jọ ti inú eegun. Mo sọ fún un pé inú mi yóò dùn bí ó bá di ọjọ́ kan tí òkìtì ìkarahun ìgbín tí a máa ń rí lẹ́yìn ọjà káàkiri Ìjẹ̀bú bá di oògùn eegun. Ṣùgbọ́n èyí tí ó wà nínú ìwádìí kì í ṣe èyí tí mo lè fi sẹ́nu aláìsàn, àti pé nínú X-ray Ìyá, eegun àgbọ̀n rẹ̀ ṣì ga, ó sì ṣì fẹ̀ tó láti gba ìmpláǹtì láìfi ohunkóhun kún un.

Ibi tí ìpinnu wa dá lé gan-an kò sí nínú gbogbo àlàyé ohun èlò yẹn. Eyín méjì ni ó sọnù, ọmọ náà sì ti ń ṣírò owó ìmpláǹtì méjì. Mo wo bí eyín òkè ṣe bá ti ìsàlẹ̀ pàdé, mo sì rí i pé bí a bá dá èyí tí ó wà níwájú nínú méjèèjì padà, ẹnu Ìyá yóò lè lọ oúnjẹ dáadáa. Èyí tí ó wà lẹ́yìn rẹ̀ kò ní fi ohun púpọ̀ kún un. Nítorí náà, ọ̀kan ni a ó gbìn, kì í ṣe méjì. Kò sí ohun èlò kankan lágbàáyé tí ó lè dín ìnira ayé kù tó èyí tí a kò lò rárá. N kò sì fẹ́ gbẹ́ àwọn eyín tí ó dá ṣáká nítòsí láti fi gbé afárá eyín dúró, ìyẹn eyín àfisí tí a ń so mọ́ àwọn eyín ẹ̀gbẹ́ rẹ̀. Titanium ni a mú, láti ọ̀dọ̀ ilé iṣẹ́ tí a lè rí síkúrúù àti àwọn ẹ̀yà rẹ̀ rà ní Èkó, nítorí mo ti rí àwọn ènìyàn tí wọ́n gbin eyín fún lókèèrè, tí eyín náà dúró ṣinṣin nínú eegun, ṣùgbọ́n tí a ní láti pa á tì nítorí pé a kò rí irinṣẹ́ tí yóò tú u.

Lọ́jọ́ iṣẹ́ náà, mo gún un ní abẹ́rẹ́ tí ń mú ojú ibẹ̀ kú, mo la ẹran náà, mo sì gbẹ́ eegun díẹ̀díẹ̀ pẹ̀lú omi tútù kí ó má baà gbóná. Iná ìjọba lọ láàárín iṣẹ́, ṣùgbọ́n bátìrì tí oòrùn ń gba agbára fún lórí òrùlé wa ni ẹ̀rọ ìgbẹ́gun ń lò, kò sì dá dúró. Ìmpláǹtì náà wọlé pinpin. Lẹ́yìn iṣẹ́, mo pe ọmọ náà wọlé kí ó wá wo ìdọ̀tí tí a kó jọ: ìbọ̀wọ́, ọ̀pá tí ń fa itọ́, ọ̀rá tí wọ́n fi wé irinṣẹ́, ike omi iyọ̀, ìgò tí ó wà nínú ìgò, páálí, àti ìwé ìlànà tí wọ́n tẹ̀ ní onírúurú èdè. Nítorí ohun tí kò tó gíráàmù kan, àpò ìdọ̀tí kan kún dẹ́múdẹ́mú. Nípa èyí ni mo rò pé ó yẹ kí àwa oníṣẹ́ eyín máa ṣe àníyàn jù. Ní ọ̀dọ̀ wa, aṣọ òwú tí télọ̀ rán ni a fi ń bo aláìsàn, a sì ń fi ooru omi pa kòkòrò ara rẹ̀ kí a tún un lò. A ń ka iye ìgbà tí a ti lo irin ìgbẹ́gun sínú ìwé, kí a má baà jù ú nù kí ó tó pé iye tí ẹni tí ó ṣe é sọ, kí a má sì lò ó kọjá bẹ́ẹ̀. A kì í jó ike lẹ́yìn ilé.

Ibì kan wà tí n kò ti gbà kí a tọ́jú nǹkan. Ìdérí kékeré tí a ń fi sórí ìmpláǹtì títí ẹran yóò fi jiná, ọ̀pọ̀ ènìyàn máa ń fọ̀ ọ́ kí wọ́n fi sí ẹnu ẹlòmíràn. Ìwádìí ti fi hàn pé èérí ara ẹni àkọ́kọ́ máa ń ṣẹ́kù sí i lára lẹ́yìn tí a ti fọ̀ ọ́ tí a sì ti sè é. Tuntun ni mo fi sí ẹnu Ìyá.

Ìdérí yìí náà ni ó sì fa ìṣòro kan ṣoṣo tí a rí. Ní ọ̀sẹ̀ keje, ó tú díẹ̀, gàárì Ìjẹ̀bú tí ó kúnná dáadáa kó sábẹ́ rẹ̀, ẹran ibẹ̀ sì wú. Ọjọ́ mẹ́sàn-án ni Ìyá fi fara dà á kí ó tó wá. Ẹ̀bi mi ni. Mo ti sọ fún un pé bí ó bá dùn ún kí ó wá, kò sì dùn ún. N kò sọ fún un pé bí ó bá ti ń mì, kí ó wá lọ́jọ́ náà gan-an. Mo yọ ọ́, mo fọ ibẹ̀, mo dè é padà, ẹran náà sì fara balẹ̀ láàárín ọ̀sẹ̀ kan. Bí ìmpláǹtì yẹn bá bàjẹ́ nítorí gbólóhùn kan tí n kò sọ, gbogbo iná tí wọ́n fi yọ titanium yẹn yóò ti di asán, ọ̀kan mìíràn ni a ó sì tún béèrè. Láti ọjọ́ náà ni mo ti ń kọ gbólóhùn yẹn sórí ìwé fún gbogbo aláìsàn, mo sì ń jẹ́ kí wọ́n tún un sọ fún mi kí wọ́n tó lọ.

Lẹ́yìn oṣù mẹ́ta àtààbọ̀, a ṣe adé eyín náà, ìyẹn orí eyín tí ó ń jókòó sórí ìmpláǹtì. Zirconia ni mo lò fún adé, nítorí pé òde ni ó wà, síkúrúù ni a sì fi dè é. Bí ó bá sán, a ó tú u, a ó pààrọ̀ rẹ̀, ìmpláǹtì kò ní mọ̀ sí i. Èkó ni wọ́n ti sun ún. Ààrò ibẹ̀ máa ń gba wákàtí púpọ̀, jẹnẹrétọ̀ ni ó sì sábà máa ń gbé e, nítorí náà mo bẹ àwọn tí ń ṣe é pé kí wọ́n má tan ààrò nítorí eyín kan, kí wọ́n dúró títí àwo yóò fi kún. Ọjọ́ mẹ́jọ ni èyí fi kún ìdúró wa. Ìyá kò bínú sí i. Ó ní àwọn náà kì í gbé ọkọ̀ lọ sí òkè Ọya nítorí apẹ̀rẹ̀ obì kan.

Ó ti pé ọdún kan báyìí. Eyín náà dúró ṣinṣin, X-ray sì fi hàn pé eegun kò lọ sílẹ̀ ju díẹ̀ tí a máa ń retí ní ọdún àkọ́kọ́. Ó ń fi í gé obì; mo ti kìlọ̀ fún un pé kí ó má fi fọ́ ẹkùrọ́. Pákò Ìjẹ̀bú ń dé òde eyín náà dáadáa, ṣùgbọ́n kò dé ẹ̀gbẹ́ ahọ́n, nítorí náà a fi búrọ́ọ̀ṣì tín-ín-rín kan kún un fún alaalẹ́. Ike ni búrọ́ọ̀ṣì náà, n kò sì rí ohun mìíràn tí ó lè wọ ibẹ̀.

Orúkọ ìmpláǹtì náà, gígùn rẹ̀, fífẹ̀ rẹ̀, nọ́ńbà tí ó wà lára páálí rẹ̀ àti irú irinṣẹ́ tí ó ń tú síkúrúù rẹ̀, mo kọ gbogbo rẹ̀ sórí káàdì kan fún dókítà yòówù tí ó bá máa tọ́jú rẹ̀ nígbà tí èmi bá ti fẹ̀yìn tì. Ọmọ rẹ̀ ya fọ́tò rẹ̀ sórí fóònù. Ìyá fi ọ̀rá wé káàdì náà, ó sì kì í bọ inú àpamọ́wọ́ tí ó máa ń gbé lọ sí ọjà.